Òjò Dídì Kò Tíì Kúrò Lórí Ben Nevis

Ní oṣù kẹrin ọdún, nígbà tí òdòdó ti ń tanná káàkiri Lọ́ńdọ́ọ̀nù, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Fort William ní Scotland, kí a lè gun Ben Nevis, òkè tó ga jù lọ ní Bìrìtéènì: mítà 1,345. Ìdánrè la ti kọ́ òkè gígùn. Èrò wa ni pé ẹni tó ti gun àtẹ̀gùn tó lé ní 600 nínú oòrùn ọ̀sán, òkè wo ló tún kù tó lè dẹ́rù bà á?

Ní àfonífojì Glen Nevis, àgùntàn ń jẹ koríko tútù. Àbúrò mi wọ bàtà ìsáré àti ṣòkòtò jíìnsì. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n kò sàn jù ú lọ: ẹ̀wù òwú mẹ́ta ni mo wọ̀ lé ara wọn. A rí àwọn tó so àáké kékeré mọ́ àpò ẹ̀yìn wọn, a sì fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

A kò rò ó pé bí a ṣe ń gòkè ni otútù ń pọ̀ sí i. Bí ènìyàn bá gun mítà 1,000, ooru lè fi ìwọ̀n Celsius 6 dín kù, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí á tó sọ ti ẹ̀fúùfù. Ìgbà ìrúwé ìsàlẹ̀ kì í ṣe ti orí òkè.

Lẹ́yìn odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Red Burn, ọ̀nà náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́kọwọ̀kọ, òjò dídì sì bò ó. Ẹsẹ̀ àwọn tó ti kọjá ti tẹ̀ ẹ́ títí ó fi dì, tó ń dán bíi dígí. Àbúrò mi gbé ẹsẹ̀ kan, ó yọ̀. Ó ń yọ̀ lọ nìṣó láìrí nǹkan dì mú, àfi ìgbà tí ó kọlu àpáta kan.

“Bọ̀dá mi, ẹ gbà mí o!”

N kò lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń sọ̀kalẹ̀, tó so eyín irin tí wọ́n ń pè ní crampons mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀, ló fi àáké gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ fún un, ìkọ̀ọ̀kan, títí ó fi padà. Kò bá wa wí. Ó kàn béèrè bóyá a ní máàpù. Ó ní orí òkè náà tẹ́jú, ṣùgbọ́n ọ̀gbun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òjò dídì a sì máa yọ síta létí ọ̀gbun bí etí òrùlé tí kò ní òpó. Bí ìkùukùu bá bolẹ̀, ilẹ̀ àti ọ̀run á di funfun kan náà. A yí padà.

Lọ́dún kejì, a háyà àáké, crampons àti bàtà tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ le ní ìlú náà, a sì fi odindi ọjọ́ kan kọ́ bí a ṣe ń fi àáké dá ara dúró bí a bá yọ̀. Ẹ má ṣe ra àáké tí ẹ kò mọ̀ ọ́n lò. Ẹrù lásán ni. Irun àgùntàn la wọ̀ sára dípò òwú, nítorí òwú tí òógùn bá ti rin kì í móoru mọ́. A mú ìbọ̀wọ́ méjì méjì, máàpù, kọ́ńpáàsì àti tọ́ọ̀ṣì. Fóònù nìkan kò tó, otútù a máa tètè pa bátìrì.

Ní agogo kan ọ̀sán, a jókòó ti àwókù ilé tí àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ti gbé láti 1883 di 1904. Mọ́ín-mọ́ín tí mo gbé wá ti le koko. Àbúrò mi jẹ ẹ́ tán.