Adẹ́mu Kò Lè Wá sí Calgary

Láti ọdún 1993 tí ìjọba Alberta ti fi títa ọtí sílẹ̀ fún àwọn oníṣòwò, oríṣiríṣi wáìnì ló ń wọ ìlú wa. Nígbà mìíràn, ẹni tó ṣe é gan-an á bá a wá. Á bu díẹ̀díẹ̀ fún àwọn èrò, wọn á sì bi í léèrè: èso àjàrà wo nìyí? Ọdún wo lẹ ká a? Wọn á gbóòórùn rẹ̀, wọn á tọ́ ọ wò, àwọn mìíràn á tu ú sínú garawa. (Ẹ má jẹ́ kí bàbá àgbà gbọ́ o!) Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò sí níbẹ̀.

Ẹmu tiwa kì í dúró de ọkọ̀ òfurufú. Bó ṣe ń kán sínú akèrègbè ló ti ń hó; èyí tó dùn láàárọ̀ á ti le kí ilẹ̀ tó ṣú, bó bá di ọjọ́ kejì, ó ti ń kan. Nítorí náà, àwa là ń tọ adẹ́mu lọ.

Ẹ̀yin òbí tó ń lọ sílé nígbà ọlidé, ẹ mú àwọn ọmọ dé ìdí ọ̀pẹ, kí wọ́n bi adẹ́mu ní ìbéèrè tiwọn. Kó fi igbà tó fi ń gun ọ̀pẹ hàn wọ́n: igbà ni o, kì í ṣe igbá, kì í ṣe ìgbà.