Táyà iwájú ń gbọ̀n: Kí onímọ́tò tó náwó ní Ládípọ̀, kó kọ́kọ́ mọ ohun tó bàjẹ́

Owó ńlá làwọn onímọ́tò ń gbé wọ ọjà Ládípọ̀ ní Mùṣin, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń bọ́ síbi tó yẹ. Awakọ̀ dáńfó á kó èrò ní Yábàá, sítíárìn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ̀, yóò gba ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì lọ, ìyẹn á ní kó lọ ra ṣọ́ọ̀kì méjì wá. Wọ́n á dè é tán, ọkọ̀ á tún máa gbọ̀n. Ó kan bọ́ọ̀jọ́ìǹtì, ó kan táírọ́ọ̀dù. Ẹni tó gba ọkọ̀ ní háyapọ́ọ̀sì lọ̀rọ̀ yìí ń dùn jù, torí ọkọ̀ tó wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì kò pa owó, ẹni tó ni ín kò sì ní torí ìyẹn dáwọ́ dúró.

Ìgbà tó ń gbọ̀n gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ bi awakọ̀. Bó bá dìgbà tí eré bá tó nǹkan bí 80 kìlómítà ní wákàtí, lórí Third Mainland fún àpẹẹrẹ, ọ̀rọ̀ báláǹsì ni, tàbí ríìmù tó ti tẹ̀ nínú kòtò. Bó bá jẹ́ ìgbà tí wọ́n tẹ bíréèkì nìkan, kí wọ́n wo díìsìkì. Bó bá ń kùn hùn-ùn, tí ariwo náà ń le sí i bí eré ṣe ń pọ̀, bẹ́ríǹ ni wọ́n máa fura sí. Èyí tó bá ń pariwo jù nígbà tí ọkọ̀ ń yà sósì, apá ọ̀tún ni kí wọ́n ti kọ́kọ́ wò ó.

Ìdánwò tó kù kò gba ẹ̀rọ olówó ńlá. Kí wọ́n kọ́kọ́ fi sípánà wò ó bóyá nọ́ọ̀tì táyà le dáadáa, pàápàá bí fọganáísà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú u. Lẹ́yìn náà, kí ọkọ̀ wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí wọ́n paná ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n fi òkúta há táyà ẹ̀yìn, kí wọ́n jáàkì iwájú sókè, kí wọ́n sì fi irin ìdúró gbé e ró. Jáàkì nìkan kò tó. Bíríkì sì lè fọ́ lójijì.

Kí ẹnì kan di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kó máa tì í, kó máa fà á. Bó bá ń mì, kí ẹlòmíì wọlé tẹ bíréèkì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́ríǹ ló ti lọ. Bó bá ṣì ń mì, bọ́ọ̀jọ́ìǹtì ni kí wọ́n fi tọ́ọ̀ṣì wò lábẹ́. Kí wọ́n wá di táyà mú lọ́tùn-ún àti lósì: bó bá jẹ́ ibí yìí nìkan ló ti ń mì, táírọ́ọ̀dù tàbí ibi tó ti so mọ́ sítíárìn ló ti tú.

Nínú gbogbo wọn, bọ́ọ̀jọ́ìǹtì ni kò ṣeé mánéjì rárá. Bó bá fò yọ lórí eré, táyà á tẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, sítíárìn kò sì ní lágbára lórí rẹ̀ mọ́.

Táyà fúnra rẹ̀ náà wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí Michelin ti ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt lọ́dún 2007, tí Dunlop náà sì dáwọ́ dúró ní Ìkẹjà lọ́dún 2008, táyà òkè òkun, títí kan tòkunbọ̀, ló gbòde. Nọ́ńbà mẹ́rin kan wà lára rẹ̀: 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019. Èyí tí wáyà inú rẹ̀ bá ti já, báláǹsì kankan kò lè wò ó sàn. Kí wọ́n gbé táyà iwájú sẹ́yìn. Bí gbígbọ̀n náà bá kúrò lára sítíárìn lọ sábẹ́ ìjókòó, táyà tàbí ríìmù ló ń dá ọkọ̀ láàmú.

Bó bá di rírà ní Ládípọ̀, kí wọ́n gbé èyí tó bàjẹ́ dání láti fi wọ̀n ọ́n. Bọ́ọ̀jọ́ìǹtì tòkunbọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n, ọlọ́jà á sì búra pé bíi tuntun ni, ṣùgbọ́n ta ló mọ iye ọ̀nà tó ti rìn? Tuntun ló pé jù. Tí wọ́n bá sì pààrọ̀ rẹ̀ tàbí táírọ́ọ̀dù, kí wọ́n ṣe aláìnímẹ́ǹtì lọ́jọ́ náà gan-an, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ táyà iwájú á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lápá kan.