JAMB: Ṣé Tutorial Ló Dáa Ni, àbí Kéèyàn Dá Kàwé?

Tí fọ́ọ̀mù JAMB bá ti jáde, àríyànjiyàn máa ń bẹ̀rẹ̀ nínú ilé. Màmá á ní kí ọmọ lọ sí tutorial, torí ọmọ aládùúgbò lọ, ó sì wọlé. Bàbá á ní owó dà? Kí ọmọ jókòó sílé kó kàwé ẹ̀. Ta ló gba? Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí ọpọlọ ṣe ń di nǹkan mú.

Lọ́dún 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, ní Yunifásítì Washington tó wà ní St. Louis ní Amẹ́ríkà, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà méjì. Wọ́n ka ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ka èkejì lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n pa á dé, wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àkàtúnkà ló borí: ìdá 81 nínú 100 sí 75. Àmọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Èyí tí wọ́n kàn tún kà já sí 42, èyí tí wọ́n fi ìrántí dán ara wọn wò jẹ́ 56.

Kí ló fà á? Dídá nǹkan mọ̀ yàtọ̀ sí rírántí ẹ̀. Ẹni tó ń jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ lọ sọ́jà lójoojúmọ́ dá gbogbo ojú ọ̀nà mọ̀. Ẹ wá ní kó wakọ̀ fúnra ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ibi tó yẹ kó yà sí.

Pàkúté yìí wà níbi méjèèjì. Ní tutorial, tíṣà ń ṣe ìṣirò lójú pátákó, ọmọ ń mi orí pé ó ti yé òun; tíṣà ló ń wakọ̀. Nílé náà, ọmọ lè máa fi bírò fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ láì pa ìwé dé rí. JAMB ò sì fúnni láyè: ìbéèrè 180 ní wákàtí 2. Ìṣẹ́jú àáyá 40 péré ló kan ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ ṣe ìdánwò yìí nílé. Ẹ mú ìbéèrè ọdún kan tó ti kọjá, kí ọmọ fi wákàtí 2 ṣe é, kẹ́ ẹ máàkì ẹ̀. Ẹ wá pín àwọn tó gbà sí ọ̀nà mẹ́ta: èyí tó mọ̀ àmọ́ tó kánjú ṣe, èyí tó yé e nígbà tó ka àlàyé, àti èyí tí ò yé e rárá, pẹ̀lú àlàyé.

Tí méjì àkọ́kọ́ bá pọ̀ jù, kó dúró sílé. Kó tún wọn ṣe lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, lẹ́yìn náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, láì wo ìdáhùn. Tí ẹ̀kẹta bá pọ̀, bóyá nínú físíìsì, ẹ wá olùkọ́ fún físíìsì nìkan. Tí ọmọ ò bá sì lè dá jókòó tì ìwé, kò sí ìtìjú níbẹ̀, kó lọ sí tutorial.

Àmọ́ kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ bi wọ́n pé: ẹ̀ẹ̀melòó lọ́sẹ̀ lẹ máa ń fún wọn ní ìdánwò, ta ló sì ń bá wọn wo ibi tí wọ́n ti gbà á? Tó bá jẹ́ expo ni wọ́n ń ṣèlérí, ẹ yáa máa lọ sílé.