Kí Ọ̀rọ̀ Dé Ọ̀dọ̀ Gbogbo Ènìyàn

Nígbà tí ọ̀rọ̀ pàtàkì bá wà fún ará ìlú, akéde máa ń mú agogo rẹ̀. Á máa lù ú kiri àdúgbò, á sì máa kígbe pé: « Lọ́la, ẹ gbé àwọn ọmọ yín wá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ! » Ẹni tó bá gbọ́ á múra sílẹ̀.

Ṣùgbọ́n adití kò lè gbọ́ agogo. Bí ìyá kan bá jẹ́ adití, tí ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún un lọ́nà tó lè yé e, ilé ni yóò wà ní ọjọ́ náà. Ọmọ rẹ̀ kò ní gba abẹ́rẹ́. Àìsàn tí abẹ́rẹ́ náà ì bá dènà lè wá mú ọmọ náà.

Wọ́n tún lè lẹ ìwé mọ́ ògiri ilé ìwòsàn. Adití tó mọ̀wé á kà á. Ṣùgbọ́n afọ́jú kò ní rí i, ẹni tí kò mọ̀wé kò sì ní lè kà á. Agogo akéde ló wúlò fún àwọn wọ̀nyí.

Nítorí náà, ọ̀nà kan ṣoṣo kò tó. Ọ̀rọ̀ tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó yẹ kó mọ̀ ọ́n, bí ẹni pé a kò sọ ọ́ rárá ni.

Ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú

Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá ọdún 2006, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn kan lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara. Tógò darapọ̀ mọ́ àdéhùn náà ní ọdún 2011. Bẹ̀nẹ̀ darapọ̀ mọ́ ọn ní ọdún 2012.

Àdéhùn náà sọ pé èdè tí a ń fi ọwọ́ sọ jẹ́ èdè, gẹ́gẹ́ bí èdè tí a ń fi ẹnu sọ. Ó sọ pé ìròyìn tó wà fún ará ìlú gbọ́dọ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláàbọ̀ ara ní àsìkò, kí a má sì gba owó kún un lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn náà, Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin tirẹ̀. Òfin 2017-06 ni. Ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017 ló jáde. Ó wà láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, kí ó sì gbé ẹ̀tọ́ náà ga.

Ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí àánú. Ẹni tó ń ṣàánú lè fúnni lónìí, kó má fúnni lọ́la. Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ jẹ́ ti ẹni tó ni ín lójoojúmọ́.

Kì í ṣe ẹnu nìkan ló ń sọ̀rọ̀

Láti ìgbà àtijọ́ ni àwọn Yorùbá ti mọ̀ pé ọ̀nà tí a fi ń sọ̀rọ̀ pọ̀. Ìlù gángan ń sọ̀rọ̀, ẹni tó gbọ́ ìlù sì mọ ohun tó ń wí. Àwọn àgbà tún máa ń fi àrokò ránṣẹ́. Wọ́n lè so owó ẹyọ tàbí ìyẹ́ ẹyẹ pọ̀, kí wọ́n fi rán ìránṣẹ́. Ẹni tó gbà á á wò ó, á sì mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ.

Èdè ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ adití ń sọ. Ọwọ́ àti ojú ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Kì í ṣe eré, kì í sì í ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, ó sì ní ìlànà tirẹ̀.

Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú kan wà tó ń jẹ́ Andrew Foster. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11, àìsàn sọ ọ́ di adití. Ó kàwé dé ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ní ọdún 1957, ó dá ilé-ìwé àwọn adití sílẹ̀ ní Gánà. Lẹ́yìn náà, ó dá irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Áfíríkà. Ìdí nìyí tí èdè ọwọ́ tí ọ̀pọ̀ adití ń sọ ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò fi bá ti Amẹ́ríkà tan.

Ìka tó ń kàwé

Ọmọ Faransé ni Louis Braille. Wọ́n bí i ní ọdún 1809. Bàbá rẹ̀ ń fi awọ ṣe gàárì ẹṣin. Nígbà tí Louis wà ní ọmọ ọdún 3, irinṣẹ́ bàbá rẹ̀ gún un lójú kan. Ọgbẹ́ náà ran ojú kejì, ó sì fọ́jú pátápátá.

Ó lọ sí ilé-ìwé àwọn afọ́jú ní Paris. Ibẹ̀ ló ti ronú kan ọ̀nà ìkọ̀wé tuntun. Ó tẹ ìwé nípa rẹ̀ jáde ní ọdún 1829. Ọmọ 20 ọdún ni nígbà náà.

Nínú ìkọ̀wé Braille, àmì kéékèèké tó yọ sókè lórí ìwé ni a fi ń kọ lẹ́tà. Ààyè àmì 6 ló wà fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan: 3 lápá òsì, 3 lápá ọ̀tún. Àmì 1 péré ni A. Àmì 2 ni B, ọ̀kan lórí èkejì. Afọ́jú á fi orí ìka kà á. A lè fi Braille kọ Faransé, a sì lè fi kọ Yorùbá.

Ohun tí ọmọdé lè ṣe

Àwọn àgbà ní: « Ojú lọ̀rọ̀ wà. » Ẹni tó fẹ́ bá adití sọ̀rọ̀ á dúró níwájú rẹ̀, níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Kò ní fi ọwọ́ bo ẹnu. Kò sì ní pariwo, nítorí ariwo kì í la etí adití. Bí ògbufọ̀ bá wà láàárín wọn, adití ni yóò máa wò, kì í ṣe ògbufọ̀.

Ẹni tó bá pàdé afọ́jú á kí i, á sì dárúkọ ara rẹ̀. Kò ní ṣàdédé fà á lọ́wọ́. Á kọ́kọ́ bi í bóyá ó fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Nígbà tó bá ń lọ, á sọ fún un pé òun ń lọ.

Ẹni tó bá ń bá akólòlò sọ̀rọ̀ á ní sùúrù. Kò ní gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Nínú kíláàsì, ọmọ tí etí rẹ̀ kò gbọ́ dáadáa yẹ kó jókòó níwájú. Bí olùkọ́ bá kọ nǹkan sí pátákó, ọ̀rẹ́ afọ́jú lè kà á sí i létí. Báyìí ni gbogbo ọmọ á fi jọ kẹ́kọ̀ọ́.

Ìbéèrè

1. Ta ni kò lè gbọ́ agogo akéde? Ta ni kò lè ka ìwé ara ògiri?
2. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ẹ̀tọ́ àti àánú?
3. Àmì mélòó ló ní ààyè nínú lẹ́tà Braille kan?
4. Ìpàdé àwọn òbí fẹ́ wáyé ní ilé-ìwé. Báwo ni ẹ ṣe máa jẹ́ kí gbogbo òbí mọ̀?