Ẹ̀tọ́ Ẹni tó Tún Ọkọ̀ Rẹ̀ Ṣe Nígbà tí Ọlọ́pàá Bá Dá A Dúró

Ẹni tó bá gba ọjà Ládípọ̀ ní Mushin kọjá yóò rí i pé iṣẹ́ ńlá ni títún ọkọ̀ ṣe ti dà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Àwọn kan ń pààrọ̀ ríìmù àti táyà, àwọn kan ń yí ọ̀dà ara ọkọ̀ padà, àwọn mìíràn sì ń gbé ẹ́ńjìnnì tó lágbára ju ti àkọ́kọ́ lọ sínú ọkọ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ọkọ̀, tó sì ń fi owó tí wọ́n làágùn kí wọ́n tó rí ṣe é. Ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa fa ojú àwọn agbófinró mọ́ra. Nígbà mìíràn, aáwọ̀ a máa bẹ́ sílẹ̀ lójú pópó nítorí pé ẹni tó ń wakọ̀ kò mọ ibi tí ẹ̀tọ́ rẹ̀ dé, tàbí nítorí pé òṣìṣẹ́ tó dá a dúró kọjá ààyè rẹ̀.

Ìdí nìyí tí a fi rí i pé ó yẹ kí a ṣàlàyé ohun tí òfin sọ, kí onímọ́tò lè mọ ojúṣe rẹ̀, kí ó sì mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi dù ú.

Ohun tí òfin béèrè lọ́wọ́ onímọ́tò

Kò sí òfin kan tó sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe rárá. Àwọn àyípadà kan ni òfin fi ìlànà lélẹ̀ fún. Àwọn àgbà sì máa ń wí pé níbi tí kò bá sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí bá Ìwé Òfin Orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 mu, nítorí abala 36 nínú rẹ̀ sọ pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi fún ohun tí kò sí òfin àkọsílẹ̀ tó pè é ní ẹ̀ṣẹ̀, tó sì sọ ìjìyà rẹ̀. Nítorí náà, bí òṣìṣẹ́ kan bá sọ pé ríìmù ọkọ̀ yín tóbi jù tàbí pé ọkọ̀ yín ti ń dán jù, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀wọ̀ béèrè òfin tí ẹ rú.

Àwọ̀ ọkọ̀ àti nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà lára ohun tí ìjọba kọ sílẹ̀ nígbà tí ẹ forúkọ ọkọ̀ náà sílẹ̀. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ pupa nínú ìwé, tó sì jẹ́ dúdú lójú pópó, ọlọ́pàá ní ìdí tó tọ́ láti fura pé ó lè jẹ́ ọkọ̀ tí wọ́n jí. Ẹni tó bá yí àwọ̀ tàbí ẹ́ńjìnnì padà gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀ láti tún ìwé rẹ̀ ṣe. Ẹ tọ́jú rìsíìtì ibi tí ẹ ti ra ẹ́ńjìnnì náà, kí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì sì wà lórí rìsíìtì ọ̀hún. Ìwé pélébé yìí ti gba ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́ wàhálà.

Gíláàsì dúdú ní òfin tirẹ̀. Láti ọdún 1991 ni òfin ìjọba àpapọ̀ ti ka gíláàsì tí kò jẹ́ kí a rí inú ọkọ̀ léèwọ̀, àyàfi bí ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá tàbí ẹni tí ó yàn bá fún ènìyàn ní ìyọ̀ǹda nítorí ìlera, ààbò tàbí ìdí mìíràn tó ṣe gbòógì. Ní ọdún 2025, iléeṣẹ́ ọlọ́pàá kéde pé kí àwọn onímọ́tò gba ìyọ̀ǹda náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Nàìjíríà sì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé-ẹjọ́. Ẹ má ṣe gbára lé ohun tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp nípa rẹ̀. Ìkéde iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ àti àṣẹ ilé-ẹjọ́ ni kí ẹ tẹ̀lé. Ẹ rántí pẹ̀lú pé gíláàsì tó ti dúdú láti iléeṣẹ́ tó ṣe ọkọ̀ kò yọ ènìyàn kúrò nínú òfin yìí.

Nọ́ńbà ọkọ̀ gbọ́dọ̀ hàn ketekete níwájú àti lẹ́yìn. Ẹni tó fi nǹkan bò ó, tó tẹ̀ ẹ́, tàbí tó yí bí wọ́n ṣe kọ ọ́ padà ti rú òfin. Bákan náà ni iná tó ń fọ́ ojú ẹni tó ń bọ̀ níwájú, fèrè bíi ti ọkọ̀ ọlọ́pàá tí ènìyàn kò gba àṣẹ láti lò, àti ọkọ̀ tó ń tú èéfín dúdú. Ní ti sàlẹ́ńsà, ẹni tó bá yọ ọ́ kí ọkọ̀ lè máa bú ramúramù ti ṣílẹ̀kùn ẹ̀sùn fún ara rẹ̀, nítorí ariwo náà ń da àwọn ará àdúgbò láàmú, ó sì lè mú kí ọkọ̀ kùnà níbi àyẹ̀wò ìwé-ẹ̀rí pé ó yẹ ní títì.

Nígbà tí wọ́n bá dá yín dúró

Bí ọlọ́pàá bá na ọwọ́ sí yín, ẹ rọra yà sí ẹ̀gbẹ́ títì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tan iná inú ọkọ̀ bí ó bá jẹ́ òru, kí ẹ sì jẹ́ kí ọwọ́ yín wà níbi tí wọn yóò ti rí i. Kì í ṣe pé ẹ jẹ̀bi ni ẹ fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ìbọn dání kò mọ irú ẹni tó wà nínú ọkọ̀, ó sì dára kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára.

Wọ́n lè béèrè ìwé ìwakọ̀, ìwé ọkọ̀, ìwé ìbánigbófò àti ìwé-ẹ̀rí pé ọkọ̀ yẹ ní títì. Ẹ kó wọn lé wọn lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà lè béèrè ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ dá yín dúró. Ẹ lè béèrè orúkọ òṣìṣẹ́ náà àti àgọ́ tó ti wá, bí kò bá hàn lára aṣọ rẹ̀. Ìbéèrè wọ̀nyí kì í ṣe àfojúdi.

Òfin ọlọ́pàá tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù Ọ̀wẹ́wẹ̀ ọdún 2020 jẹ́ kó yé wa pé ọlọ́pàá kò gbọ́dọ̀ yẹ ara ènìyàn tàbí ọkọ̀ wò láìní ìdí gúnmọ́ tó fi fura. Ọjọ́ orí ènìyàn, bí ó ṣe gẹrun tàbí bí ó ṣe múra kì í ṣe ìdí gúnmọ́. Ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ọ̀dọ́ tó ń wa ọkọ̀ tó dára ni pé ẹwà ọkọ̀ rẹ̀ nìkan kò sọ ọ́ di oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹnikẹ́ni tó bá rántí ìwọ́de àwọn ọ̀dọ́ ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 2020, èyí tó mú kí wọ́n tú ẹ̀ka SARS ká, yóò mọ̀ pé irú ìfura bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó bí i.

Bí ìdí láti yẹ ọkọ̀ wò bá sì wà, ẹ má ṣe bá wọn jìjàkadì. Ẹ dúró níbi tí ẹ ti lè máa wo ohun tí wọ́n ń ṣe, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó wà pẹ̀lú yín máa wò ó pẹ̀lú. Obìnrin ló yẹ kí ó yẹ ara obìnrin wò. Fóònù yín ní ti tirẹ̀ jẹ́ ohun ìkọ̀kọ̀ tí abala 37 ìwé òfin orílẹ̀-èdè dáàbò bò. Wíwá inú rẹ̀ kiri lẹ́bàá títì kò sí lára àyẹ̀wò ọkọ̀.

Bí wọ́n bá mú ènìyàn tàbí ọkọ̀ rẹ̀

Abala 35 ìwé òfin orílẹ̀-èdè ni olórí ààbò nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí wọ́n mú lè dákẹ́, kí ó má dáhùn ìbéèrè kankan títí yóò fi bá agbẹjọ́rò tàbí ẹni tó bá wù ú sọ̀rọ̀. Láàárín wákàtí 24, wọ́n gbọ́dọ̀ fi ìwé sọ ìdí tí wọ́n fi mú un fún un, ní èdè tó gbọ́. Bí Yorùbá nìkan ni ẹ gbọ́, Yorùbá ló yẹ kí wọ́n fi ṣàlàyé fún yín. Bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín ogójì kìlómítà sí ibi tí wọ́n ti mú un, wọ́n gbọ́dọ̀ gbé e dé ibẹ̀ láàárín ọjọ́ kan. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ibi tí ilé-ẹjọ́ jìnnà tó bẹ́ẹ̀.

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó tún fi kún un pé bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ jẹ́ níwájú agbẹjọ́rò tó yàn tàbí kí wọ́n ká a sílẹ̀ lórí fídíò. Nítorí náà, ẹ má ṣe buwọ́ lu ìwé tí ẹ kò tíì kà tàbí tí wọn kò tíì kà sí yín létí. Wọn kò sì gbọdọ̀ mú ẹ̀gbọ́n dípò àbúrò, tàbí kí wọ́n mú mẹkáníìkì nítorí pé wọn kò rí ẹni tó ni ọkọ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ ni òfin mọ̀.

Kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ wọ àgọ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ yípo, àti inú rẹ̀. Ẹ béèrè pé kí wọ́n kọ àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n sì fún yín ní ẹ̀dà. Èyí ṣe pàtàkì púpọ̀ fún ọkọ̀ tí a tún ṣe, nítorí ríìmù tàbí rédíò inú rẹ̀ lè wọ́n ju ohun tí ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà mọ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ owó ìtanràn

Ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè dá ènìyàn lẹ́bi. Òfin gíláàsì dúdú ti ọdún 1991, fún àpẹẹrẹ, sọ pé ẹni tó bá jẹ̀bi lè san ₦2,000 tàbí kí ó lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí kí ó fara gba méjèèjì. Ìdájọ́ yìí kò sí lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó dúró lẹ́bàá títì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ₦50,000 lọ́wọ́ yín nítorí gíláàsì, kí ó tó fún yín ní kọ́kọ́rọ́ yín padà, kì í ṣe owó ìtanràn ló ń béèrè.

Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lè fún awakọ̀ ní ìwé ẹ̀ṣẹ̀. Owó orí ìwé náà, báńkì tàbí orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń san án, kì í ṣe ọwọ́ òṣìṣẹ́. Ẹni tó bá sì gbà pé òun kò jẹ̀bi lè lọ sí ilé-ẹjọ́ dípò kí ó san án. Ní Àbújá, ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ dájọ́ ní oṣù Ọ̀wàwà ọdún 2024 pé àwọn òṣìṣẹ́ ayẹ̀wòkọ̀ níbẹ̀ kò ní àṣẹ láti gba ọkọ̀ onímọ́tò tàbí láti bu owó ìtanràn lé e. Ọ̀rọ̀ Àbújá ni ìdájọ́ náà dá lé lórí, nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ṣe ìdí láti sá fún òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀.

Béèlì ní àgọ́ ọlọ́pàá, ọ̀fẹ́ ni. A tún un sọ: ọ̀fẹ́ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fífún ọlọ́pàá ní rìbá jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tó fúnni àti ẹni tó gbà. Onímọ́tò tó bá fi owó sínú ìwé ọkọ̀ kí wọ́n lè tètè fi í sílẹ̀ ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ẹjọ́ rẹ̀.

Ibi tí a lè gbé ẹ̀sùn lọ

Bí wọ́n bá fi ìyà jẹ yín, ojú pópó kọ́ ni ibi tí a ti ń gba ẹ̀tọ́ padà. Ẹ gba orúkọ, nọ́ńbà ọkọ̀ ọlọ́pàá náà, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ àti aago. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgọ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Iléeṣẹ́ ọlọ́pàá fúnra rẹ̀ ní ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn àwọn ará ìlú láti ọdún 2015. Àjọ tó ń rí sí iṣẹ́ ọlọ́pàá àti àjọ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn náà ń gba ìwé ẹ̀sùn láìgba kọ́bọ̀.

Ẹni tí kò lówó agbẹjọ́rò lè lọ sí ọ́fíìsì agbẹjọ́rò ará ìlú ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tàbí ìgbìmọ̀ ìrànwọ́ òfin ti ìjọba àpapọ̀. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn fún ẹni tó tọ́ sí. Abala 46 ìwé òfin orílẹ̀-èdè sì gbà kí ẹni tí wọ́n tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga. Bí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé ọ̀nà àìtọ́ ni wọ́n gbà mú un, ó ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbangba.

Lákòótán, a rọ àwọn onímọ́tò wa láti ṣe ohun mẹ́rin kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe jáde: kí ìwé ọkọ̀ bá àwọ̀ àti ẹ́ńjìnnì rẹ̀ mu, kí rìsíìtì wà nínú ọkọ̀, kí nọ́ńbà hàn níwájú àti lẹ́yìn, kí nọ́ńbà fóònù agbẹjọ́rò tàbí ará ilé kan sì wà lórí, kì í ṣe nínú fóònù nìkan. Ẹni tí ìwé rẹ̀ pé, tó sì mọ ẹ̀tọ́ rẹ̀, kò ní ìdí láti bẹ̀rù aṣọ ọlọ́pàá, kò sì ní ìdí láti bá a jà.