Sé, Hó, Ya: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta Létí Odò Ọya

Ní kíláàsì Yorùbá tí mo ń darí ní Peckham, níhà gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti Brazil wá gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ síwájú mi. Ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ló ń kà. Àwòrán ìsédò ló wà lójú ẹ̀rọ náà: omi ń rọ́ bọ̀ láti òkè, ó mọ́ gaara níbẹ̀rẹ̀, ó sì di funfun kó tó dé ìsàlẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Ọya ni ìyálórìṣà mi ní Salvador. Báwo ni mo ṣe lè fi èdè òrìṣà wọn ṣàlàyé iṣẹ́ mi fún wọn?"

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ lórí "sé". Kí a dí ohun tó ń ṣàn ni, òun ló bí "ìsédò". Àwa ará Peckham mọ odò tí a bò mọ́lẹ̀: inú páìpù ni Odò Peck ń gbà, díẹ̀ rẹ̀ ló ń yọjú nínú ọgbà Peckham Rye. Ṣùgbọ́n ta ni yóò bo Odò Ọya? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sé e ní Kainji ní 1964, wọ́n ṣí ìsédò náà ní 1969, Bussa àtijọ́ sì wà lábẹ́ adágún títí dòní. Síbẹ̀, omi tó bá kún jù gbọ́dọ̀ ríbi jáde. A kò tíì fẹnu kò sórí orúkọ kan fún ibẹ̀. Èmi a máa pè é ní "ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀". Ẹni tó bá ní èyí tó dára jù, kó fi ránṣẹ́.

"Hó" ni kókó ọ̀rọ̀. Ọbẹ̀ ń hó lórí iná, ọṣẹ ń hó lọ́wọ́. Omi tó ń sáré lórí kọnkéré náà ń hó: ìrúkèrúdò tó bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ á máa ga títí yóò fi yọ lójú omi, ibẹ̀ gan-an ni afẹ́fẹ́ ti ń wọlé, tí omi ń di ìfófó.

Ìfófó yìí kì í ṣe ẹwà lásán. Bí omi tó ń sáré gidi bá kan ibi tó rí gbágungbàgun, ihò kéékèèké tí afẹ́fẹ́ kò sí nínú wọn a máa là sínú rẹ̀. Bí wọ́n bá pa dé lójijì, wọn a lu kọnkéré bí òòlù. Ní 1983, ní Glen Canyon ní Amẹ́ríkà, omi gbẹ́ ihò tó jìn tó nǹkan bí mítà 10 sínú ọ̀nà àkúnwọ́sílẹ̀ abẹ́ ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ni oògùn rẹ̀. Láti 1953 ni Peterka ti fi hàn pé bí afẹ́fẹ́ bá tó nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 lẹ́bàá kọnkéré, omi kò ní lè jẹ ẹ́ mọ́. Ní Foz do Areia, lórí odò Iguaçu ní Paraná, wọ́n dìídì la ojú afẹ́fẹ́ mẹ́ta, àwọn onímọ̀ ará Brazil sì wọn ohun tó ń gba ibẹ̀ wọlé. Ìyá tó ni odò ló ni afẹ́fẹ́ náà. Ẹ̀yin kọ́ ni n ó sọ ìyẹn fún.

Kí wá ni iṣẹ́ kọ̀ǹpútà? A lè kọ́ àwòṣe ìsédò ní kékeré, ṣùgbọ́n ẹyọ ìfófó kì í bá a kéré. Nítorí náà, afẹ́fẹ́ tó ń wọ inú àwòṣe kì í tó ti odò gidi. Kọ̀ǹpútà a pín omi sí ẹgbẹẹgbẹ̀rún yàrá kéékèèké, á ṣírò iye omi àti afẹ́fẹ́ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mọ bí ògiri ẹ̀gbẹ́ yóò ṣe ga tó, torí omi tó bá mu afẹ́fẹ́ a máa wú. Akẹ́kọ̀ọ́ mi ní òun kì í gba èsì rẹ̀ gbọ́ àfi bí òun bá fi wé ohun tí a wọ̀n lójú odò. Mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ó ku "ya". Odò ya, ó fa bèbè rẹ̀ ya. Òun ló bí "àkúnya" àti "omíyalé". Ọ̀pọ̀ àgbà ní ibẹ̀ ni orúkọ Ọya ti wá. Ní 2012, Odò Ọya àti Bẹ́núé kún ya, wọ́n bo agbègbè Lọ́kọ́ja. Àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ mi parí síbi tí kọnkéré parí sí. Mo bi í léèrè àwọn abúlé ìsàlẹ̀. Ó dákẹ́, ó ní ẹlòmíràn ló ń ṣírò ìyẹn.

Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sórí fóònù: "Ìyá mi, mò ń wo bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ inú omi tó ń hó, kí ìsédò má bàa fọ́, kí odò má bàa ya wọlé àwọn ènìyàn." Ó bi mí pé àmì wo ló wà lórí "ya". Mo ní kò sí: ohùn àárín ni, bíi ti Ọya.