Wíǹṣì Lára Jíìpù: Kí Ẹ Tó Ra Ẹ̀rọ, Ẹ Wo Ibi Tí Ẹ Máa Dè É Mọ́

Ọ̀rọ̀ wíǹṣì la fẹ́ sọ lónìí. Ẹ máa ti rí i níwájú àwọn jíìpù ńlá kan: ẹ̀rọ kan tó ní àgbá kékeré, tí okùn wé mọ́ àgbá náà, tí ìkọ́ sì wà lẹ́nu okùn. Bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, wọ́n á fa okùn yẹn jáde, wọ́n á so ó mọ́ igi, wọ́n á tẹ bọ́tìnnì. Mọ́tò inú ẹ̀rọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ká okùn padà, ọkọ̀ á sì máa wọ́ tọ igi lọ díẹ̀díẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní agbègbè Ìdànrè. Toyota Hilux tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà ló ń gùn. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà oko níbẹ̀ nígbà òjò mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń gbani. Nínú oṣù kẹsàn-án, ó pè mí láti ọjà Ládípò l'Ékòó.

“Àbúrò, wíǹṣì méjì ló wà níwájú mi báyìí. Ọ̀kan ní 9,500, èkejì ní 12,000. Ẹni tó ń tà á ní kí n mú èyí tó tóbi, pé kò sí ẹrẹ̀ tí kò ní yọ mí nínú ẹ̀. Kí lo rí sí i?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ fẹ́ dè é mọ́?”

“Wẹ́dà mi máa jó o mọ́ bọ́ńpà ni.”

Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì sanwó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú nọ́ńbà ara páálí yẹn palẹ̀. Pọ́ùn ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Pọ́ùn 9,500 jẹ́ bíi kílò 4,300. 12,000 jẹ́ bíi 5,400. Òfin tí àwọn tó ń lo wíǹṣì máa ń tẹ̀ lé ni pé kí ẹ mú ìwọ̀n ọkọ̀ yín pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un. Hilux tó ru ẹrù dé ibi tí ilé iṣẹ́ fi mọ fún un máa ń tó bíi tọ́ọ̀nù 3. Ẹ fi ìdajì kún un, ó di tọ́ọ̀nù 4.5, ìyẹn bíi pọ́ùn 9,900.

Kí ló dé tí a fi ń fi ìdajì kún un? Ẹrẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní ìwé ìtọ́ni kan lórí bí a ṣe ń yọ ọkọ̀ tó rì, ìṣirò inú rẹ̀ sì rọrùn láti há sórí. Bí ẹrẹ̀ bá dé àárín táyà, agbára tí ẹ nílò láti fa ọkọ̀ náà tó ìwọ̀n ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Bó bá dé ìbòrí táyà, ó di ìlọ́po méjì. Hilux tọ́ọ̀nù 3 tó rì dé ìbòrí táyà ń béèrè tọ́ọ̀nù 6. Ẹ wò ó dáadáa: 9,500 ò tó o, 12,000 náà ò tó o! Ẹni tó bá ní kò sí ẹrẹ̀ tí ẹ̀rọ òun ò lè borí, ọjà ló ń tà.

Nǹkan mìíràn tún wà tí kò sí lára páálí. Nọ́ńbà yẹn, ìgbà tó bá ku ìpele okùn kan ṣoṣo lórí àgbá ló jẹ́ òótọ́. Mọ́tò ń fi agbára kan náà yí àgbá, àmọ́ bí okùn bá ṣe pọ̀ tó lórí àgbá ni àgbá ṣe ń sanra tó, bó bá sì ṣe sanra tó ni agbára tó ń fa okùn ṣe ń dín kù. Ẹ jẹ́ ká ṣe é lórí àgbá tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 64, pẹ̀lú okùn tó nípọn tó mìlímítà 8. Láti àárín àgbá dé àárín okùn ní ìpele kìíní jẹ́ mìlímítà 36. Ní ìpele kẹrin, ó ti di 60. Ẹ pín 36 sí 60, ẹ ó rí 0.6. Wíǹṣì kílò 4,300 yẹn ti di bíi kílò 2,600 nígbà tí okùn kún orí rẹ̀. Ẹ ò ra ayédèrú o, bí àgbá ṣe máa ń ṣe nìyẹn.

Torí náà, igi tó jìnnà sàn ju èyí tó wà nítòsí lọ, nítorí ẹ máa tú okùn púpọ̀ kúrò lórí àgbá. Àmọ́ ẹ má tú u tán. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ kí okùn irin ṣẹ́ ku yíyí 5 lórí àgbá, kí okùn oníke ṣẹ́ ku 10, torí yíyí wọ̀nyẹn ló ń di okùn mú, kì í ṣe bóòtù kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀.

Oògùn tó kápá ìṣòro méjèèjì ni púlì. Ẹ so púlì mọ́ igi, ẹ fi okùn gba inú rẹ̀ kọjá, kí ẹ wá mú ìkọ́ okùn padà wá so mọ́ ojú ìfà ọkọ̀ tó lágbára. Okùn méjì ló ń fa ọkọ̀ báyìí. Agbára á di bí ìlọ́po méjì (ẹ yọ díẹ̀ fún ìfarakínra inú púlì), eré á sì dín kù sí ìdajì. Ta ni eré ń dùn nínú ẹrẹ̀? Ohun tí mo sọ fún ẹ̀gbọ́n nìyẹn: ẹ mú 9,500, ẹ ra púlì tó dáa kún un, kí ẹ sì fi owó tó ṣẹ́ kù wá ibi gidi tí ẹ máa dè é mọ́. Bó bá le jù, ẹ sọ ẹrù kalẹ̀. Bíi àpò kòkó 16 ló ń jẹ́ tọ́ọ̀nù kan, kí ẹ gbé 8 sọ̀kalẹ̀ ti mú ìdajì tọ́ọ̀nù kúrò.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an la dé yìí. Àwọn àgbà ní bí a bá fa gbùrù, gbùrù á fa igbó. Isaac Newton náà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1687 pé gbogbo agbára tí a bá fi fa nǹkan, nǹkan náà ń fi iye kan náà fà wá padà. Bí wíǹṣì bá fi tọ́ọ̀nù 4 fa igi, tọ́ọ̀nù 4 náà ló ń fa bóòtù tó de wíǹṣì mọ́ ọkọ̀. Ohun tí a wá ń pè ní bọ́ńpà lára Hilux ayé òde òní, ike ló wà níta rẹ̀, irin tó wà lẹ́yìn ike ọ̀hún ò sì nípọn. Wọ́n ṣe é kó lè wó bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan ni, wọn ò ṣe é fún fífà. Ẹ jó wíǹṣì mọ́ ọn, lọ́jọ́ tí ẹrẹ̀ bá di ọkọ̀ mú gan-an, ẹ̀rọ tó wúwo tó kílò 30 lè já kúrò níbẹ̀ kó fò tẹ̀ lé okùn bí òkò kànnàkànnà. Ẹni tó bá dúró síwájú rẹ̀ lè má délé.

Orí ṣáásí ló yẹ kí agbára yẹn dé. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Àkọ́kọ́ ni bọ́ńpà onírin ńlá tó ní àyè wíǹṣì nínú. Ó rẹwà, ó ń dẹ́rù ba ọlọ́kadà, àmọ́ ó wúwo. Èkejì ni pẹpẹ irin tó máa ń fara pamọ́ sẹ́yìn bọ́ńpà tí ọkọ̀ bá wá, tí wọ́n fi bóòtù dè mọ́ ẹnu ṣáásí méjèèjì. Èyí ni mo fẹ́ràn jù fún ọkọ̀ iṣẹ́. Wẹ́dà wa náà lè ṣe é dáadáa, kí irin rẹ̀ sáà nípọn tó mìlímítà 6 ó kéré tán, kó sì jẹ́ bóòtù ni wọ́n fi dè é. Iná wẹ́dà máa ń yí ìwà irin padà ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n bá jó. Ṣáásí tó ń fì sọ́tùn-ún sósì lójoojúmọ́ lórí ọ̀nà oko lè bẹ̀rẹ̀ sí í sán níbẹ̀.

Ẹ tún wo orí bóòtù. Ẹ ó rí nọ́ńbà bíi 8.8 níbẹ̀. Wọn ò kàn kọ ọ́ lásán o. 8 àkọ́kọ́ ń sọ pé bóòtù náà lè gba newton 800 lórí mìlímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan kó tó já. 8 kejì ń sọ pé tó bá dé ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn, ìyẹn 640, ó ti ń nà, kò sì ní padà sí bó ṣe wà mọ́. Bóòtù 4.6, 400 àti 240 ni tiẹ̀. Èyí tí kò ní nọ́ńbà kankan lórí, ẹ fi de àga.

Ìwúwo ńkọ́? Hilux onílẹ̀kùn mẹ́rin ní mìlímítà 3,085 láàárín táyà iwájú àti táyà ẹ̀yìn. Ká ní bọ́ńpà onírin pẹ̀lú wíǹṣì jẹ́ kílò 100, tó sì yọ mìlímítà 800 síwájú táyà iwájú. Táyà iwájú ò ní ru kílò 100 o, bíi 126 ló máa rù, nítorí ẹrù náà ń gbé ìdí ọkọ̀ sókè, ó sì ń gba bíi kílò 26 kúrò lórí táyà ẹ̀yìn. Sípíríǹgì iwájú á rọ̀, ọwọ́ ọkọ̀ á yí padà. Ẹ rí i pé kò dí rédíétọ̀ lójú, kí ẹ sì béèrè bóyá irú ọkọ̀ yín gan-an ni wọ́n ṣe bọ́ńpà náà fún. Sẹ́ńsọ̀ airbag máa ń wà níwájú lọ́hùn-ún, irin líle sì lè yí bí ìkọlù ṣe ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ padà.

Okùn wá ńkọ́? Ti irin kì í bẹ̀rù yanrìn tàbí òkúta, àmọ́ 30 mítà rẹ̀ lè tó kílò 10, tó bá sì já, ìwúwo yẹn ló ń fò. Okùn oníke tí wọ́n ń pè ní Dyneema kò tó kílò 3. Ẹ̀yin tó ń mu píọ̀ wọ́tà, ẹ fetí sílẹ̀: polyethylene tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá píọ̀ wọ́tà náà ni! Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé èròjà inú tirẹ̀ gùn gan-an, gbogbo wọn sì dojú kọ ọ̀nà kan náà bí òwú tí wọ́n ta sórí òfì. Ó ń léfòó lórí omi. Ṣùgbọ́n oòrùn ń jẹ ẹ́, yanrìn ń rẹ́ ẹ, ó sì ń yọ́ ní bíi ìwọ̀n 150 Celsius. Tí ẹ bá yan tirẹ̀, ẹnu tí okùn ń gbà jáde gbọ́dọ̀ jẹ́ aluminiọ́mù tó ń dán, kì í ṣe èyí tí okùn irin ti họ. Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, ẹ ju aṣọ tó nípọn lé okùn láàárín, kí gbogbo èèyàn sì sá jìnnà.

Mo fẹ́ kí rewáyà gbọ́ èyí. Wíǹṣì tó ń fa ẹrù tó pọ̀ jù lè gba ámpù 400. Ní fọ́ọ̀tì 12, wáàtì 4,800 nìyẹn, bíi jẹnẹrétọ̀ kékeré “I better pass my neighbour” márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà. Alternator ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ò lè pèsè ìdá mẹ́ta rẹ̀, bátìrì ló ń san gbèsè tó kù. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́, ẹ fà á fún ìṣẹ́jú kan, ẹ sinmi. Wáyà tín-ín-rín ò dáa rárá: tí wáyà àti ẹnu rẹ̀ bá ní ohm 0.01 péré, ámpù 400 á pàdánù fọ́ọ̀tì 4 lójú ọ̀nà, wáàtì 1,600 á sì di ooru. Ó ju áyọ́ọ̀nù tí ẹ fi ń lọ aṣọ lọ.

Àti igi o: igi kòkó kọ́ là ń so wíǹṣì mọ́. Igi ńlá tó ta gbòǹgbò ni, pẹ̀lú bẹ́líìtì fífẹ̀ tí kò ní bó o lára. Pẹ̀lú púlì, igi yẹn ló ń ru ìlọ́po méjì.

Tí wọ́n bá ti de tiyín tán, ẹ má tíì gbé e lọ sínú ẹrẹ̀. Okùn tuntun kì í le lórí àgbá láti ilé iṣẹ́, èyí tó wà lókè á rì sáàárín èyí tó wà nísàlẹ̀ lọ́jọ́ ìfà àkọ́kọ́, á sì há síbẹ̀. Ẹ lọ sí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ẹ tú okùn dé yíyí tó gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù, ẹ so ó mọ́ igi, kí ẹnì kan jókòó sídìí ọkọ̀ kó rọra máa tẹ bíréèkì díẹ̀díẹ̀, kí wíǹṣì máa fa ọkọ̀ lọ. Okùn á wé mọ́ra pinpin, ìpele lórí ìpele, láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.